Ẹni Tí Yóò Kọ́ Ajá Baba

"Kí Iléyá tó dé, ajá yẹn gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ lórí fóònù nìyẹn, kò sì dúró gbọ́ èsì kó tó pa á. Mo jókòó sídìí òfì mi, fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo ń wò ó bí ẹni pé ó ṣì máa sọ nǹkan míì. Mo dìde. Mo tún jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun, òwú já. Mo so ó, ó tún já níbòmíì. Àwọn ọkùnrin tá a jọ ń hunṣọ nínú agboolé wa ní Ìsẹ́yìn ń wò mí lábẹ́ ojú, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, torí wọ́n mọ̀ mí. Bí inú bá ń bí mi, mi kì í ṣa ẹni tí mo máa kanra mọ́.

Ajá náà kì í ṣe tèmi. Ti Baba wa ni. Ajá ìbílẹ̀ lásán ni, pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì ṣẹ́ wálẹ̀. Kì í wọnú yàrá. Ìdí igi máńgòrò ló ń sùn, àwo oúnjẹ rẹ̀ sì yàtọ̀, torí ilé mùsùlùmí nilé wa, Baba ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i sọ ní mọ́sálááṣí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìrántí Baba ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ajá yẹn ló ń jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀. Bí Baba bá kírun Ásárì tán, á mú ọ̀pá rẹ̀, á ní òun ń lọ sóko. Oko wo? Oko tá a ti fi sílẹ̀ fún ẹlòmíì tipẹ́tipẹ́. Ajá á tẹ̀ lé e. Wọ́n á rìn títí, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, ajá á yí padà, Baba á tẹ̀ lé òun náà, wọ́n á sì jọ wọlé. Ìgbà kan wà tí ara ajá ò yá, tí kò lè bá a jáde. Ọ̀nà Òkaka la ti rí Baba lọ́jọ́ náà, bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, kò sí lẹ́sẹ̀ kejì, ó ń bi àwọn ọlọ́kadà bóyá wọ́n rí ìyá wa. Ìyá wa ti kú.

Nítorí náà, bí ajá bá lọ, àfi ká ti Baba mọ́lé. Ẹ̀gbọ́n mi ò fi bò rárá, ó ní òun máa ra àgádágodo tó nípọn bọ̀ fún géètì. Baba tó ti fẹsẹ̀ rin gbogbo ìlú yìí já! Bí mo bá ti rò ó báyìí, màá tún dìde nídìí òfì.

Àmọ́ mi ò lè sọ pé ẹ̀gbọ́n mi kàn ń bínú lásán. Ajá ń gé èèyàn jẹ. Kì í ṣe gbogbo èèyàn o. Àwọn obìnrin ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò ní gbójú sókè wò wọ́n. Àwọn ọmọdé ń fà á nírù. Àfi ọkùnrin tó bá wá kí Baba. Ó kọ́kọ́ ya ṣòkòtò ẹnì kan tó wá pè wá síbi ìsọmọlórúkọ. Lẹ́yìn náà, ó gé ọmọ ọ̀rẹ́ Baba jẹ lọ́rùn ọwọ́. Ẹ sì mọ àwọn ará àdúgbò. Wọ́n ní ajá máa ń rí ohun tójú èèyàn ò rí, pé ẹni tó bá gé jẹ, kí onítọ̀hún lọ yẹ inú ara rẹ̀ wò. Ọmọ ọ̀rẹ́ Baba yẹn, tó jẹ́ pé ọsàn ló gbé wá fún Baba, kò lè kọjá lójú ọ̀nà wa mọ́ kí wọ́n má fojú bá a lọ.

Áfáà kékeré kan tún wà lẹ́yìn ilé wa tí kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní Ọlọ́run nìkan ni òun ń forí balẹ̀ fún, ìdúró ló sì máa ń kí Baba. Àwọn àgbà ń bínú sí i pé wọn ò kọ́ ọ dáadáa. Ajá ò gbó o rí. Ló bá ń fọ́nnu kiri pé ẹranko pàápàá mọ olódodo.

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó pè mí rárá ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa bá wa kọ́ ajá. Àwọn tí mo kọ́kọ́ sọ fún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé ajá fẹ́ lọ ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ni. Orí fóònù ni mo ti rí ọkùnrin àkọ́kọ́. Ìbàdàn ló ń gbé. Fídíò rẹ̀ pọ̀ lọ rẹrẹ, àwọn ajá ńlá ńlá tò tẹ̀ lé e, ó ní kí wọ́n jókòó, wọ́n jókòó. Mo pè é. Kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Kò bi mí pé ta ni ajá gé jẹ, níbo ló ti ṣẹlẹ̀, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má mikàn, ma. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tẹ́ ẹ bá ní kó dúró, á dúró bíi sójà. Ó dájú." Èmi tí ara mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ọ̀rọ̀ "ó dájú" yẹn gan-an ni etí mi ń wá. Mo ní kó máa bọ̀.

Ó dé pẹ̀lú bàtà bíi ti sójà, ó wé ṣéènì irin mọ́ ọwọ́. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Bó ṣe rí Baba lórí àga níwájú ilé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ajá tá a so mọ́ igi máńgòrò fò sókè, díẹ̀ ló kù kí okùn fún un pa. Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rí i? Ó fẹ́ fi hàn mí pé òun lọ̀gá ibí. A máa yanjú ẹ̀."

Gbogbo wa ní òótọ́ ló sọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ò ṣòro láti yéèyàn. Bí ajá bá kùn, á já ṣéènì mọ́ ọn lọ́rùn. Bó bá tún kùn, á tún já a. Ohùn ajá di ikọ́. Baba ń wò wọ́n láti orí àga rẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fún un lọ́rùn? Kí ló ṣe fún yín?"

"Wọ́n ń kọ́ ọ ni, Baba."

Kò ní pẹ́ tí Baba máa gbàgbé, á tún bi mí, ojú rẹ̀ á sì tún kọ́rẹ́ bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí i nìyẹn. Mi ò lè jókòó sójú kan. Mo ń lọ sídìí òfì, mo ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ajá ò kùn mọ́ lóòótọ́. Ó kàn máa ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ àga Baba, á máa wo èèyàn. Gbogbo ilé yin ọkùnrin náà, mo tún fi fìlà aṣọ òkè kan ta á lọ́rẹ nígbà tó ń lọ.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀gbọ́n mi dé láti Àbújá. Òun ni àkọ́bí Baba. Ó sanra, ó ti yọkùn, síbẹ̀ tó bá fẹ́ kí Baba, ńṣe ló máa ń na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbì bó ṣe máa ń ṣe nígbà tá a wà lọ́mọdé. Ó na ara rẹ̀ sílẹ̀. Ajá ò kùn. Ajá ò gbó. A kàn rí i pé eyín rẹ̀ ti wọ apá ẹ̀gbọ́n mi.

Mo sáré fa ajá kúrò. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sára aṣọ funfun. Baba dìde, ó wo ajá, ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀.

"Ta ni ẹ́?"

"Baba, èmi ni. Àkọ́bí yín ni."

"Irọ́ ni. Ajá mi ò gé ọmọ mi jẹ rí. Kí lo wá ṣe nílé mi?" Baba gbé ọ̀pá sókè. "Jáde! Jáde kí n tó pariwo!"

Ẹ̀gbọ́n mi jáde. Inú mọ́tò rẹ̀ ni mo bá a, ó ti fi fìlà bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní apá ló ń dun òun. Mo bá a lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fọ ojú ọgbẹ́, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Kò padà wọ ọ̀dọ̀ Baba mọ́ kó tó gba ọ̀nà Àbújá lọ. Kò pẹ́ sígbà yẹn ló pè mí nípa Iléyá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yé mi. Bí wọ́n bá ti kírun Yídì tán, gbogbo ọmọkùnrin Baba, àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀, àwọn ọkọ àwa obìnrin, gbogbo wọn ló máa tò wá kí i nílé. Bí ajá bá tún gé ẹ̀gbọ́n mi jẹ níwájú gbogbo wọn, tí Baba tún ní kì í ṣe ọmọ òun, mi ò rò pé ó tún máa fẹsẹ̀ kan ilé yẹn mọ́.

Ẹnì kan ní kí n lọ bá ọdẹ kan ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, pé kò sí ohun tó wà nínú ajá tí kò mọ̀. Mo gbé ajá sínú mọ́tò, mo ní kí wọ́n máa ṣọ́ Baba dè mí. Ọdẹ náà yẹ ajá wò lẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́ níhà, ó wo bó ṣe sá sẹ́yìn mi.

"Ajá tó dáa ni, ma. Àmọ́ ajá tó máa lé ẹran lèmi ń kọ́. Èyí tó bá gé èèyàn jẹ lọ́dọ̀ mi, inú igbó la jọ máa ń lọ, èmi nìkan ni mo sì máa ń padà. Tó bá ti sú yín, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Mo wé okùn ajá mọ́ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí mi sí i nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó rí i pé òun lẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sòótọ́: kò gba iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó ní obìnrin kan wà ní Ṣakí tó ń bá dókítà ẹran ṣiṣẹ́, tó máa ń wá fún àwọn ajá òun lábẹ́rẹ́. Ó ní, "Iṣẹ́ ajá tó níwà burúkú ló fẹ́ràn jù. Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ jù fún èmi o."

Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Mo pè é, ó bi mí títí etí mi fi gbóná.

"Kí lẹni náà ń ṣe kí ajá tó gé e jẹ, ma?"

"Ó ń kí Baba ni."

"Báwo ló ṣe kí wọn?"

"Ṣé ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, ma. Ti ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ mọ̀."

Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, ṣé ajá á ti gbọ́n kí Iléyá tó dé? Ó ní, "Mi ò tíì mọ̀, ma." Mo ní ṣé ó ti tún irú ajá bẹ́ẹ̀ ṣe rí? Ó ní òun ti ṣe é, pé àwọn kan yí padà, pé ọ̀kan wà tí kò yí padà, òun sì ní kí olówó rẹ̀ ṣe ọgbà fún un, kó má jẹ́ kó bá àlejò pàdé mọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fóònù mọ́ ògiri. Ẹni tó mọ̀ ni mò ń wá, wọ́n wá júwe ẹni tí kò mọ̀ fún mi!

Mo rìn yí agboolé ká. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ pe ẹlòmíì, bí "ó dájú" ti ọkùnrin Ìbàdàn ṣe yá a lẹ́nu tó á sọ sí mi lọ́kàn. Mo bá sọ pé kí n kọ́kọ́ lọ wo obìnrin yìí lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ná. Mọ́tò tí mo wọ̀ dúró ní Àgọ́-Àrẹ torí táyà, gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ lọ ra iṣu sísun, èmi nìkan ni mò ń rìn lọ rìn bọ̀ létí títì, awakọ̀ ní, "Màmá, táyà ọ̀hún ò ní torí ìrìn yín yá o."

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù dókítà ẹran ni mo ti bá obìnrin náà. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, ìṣẹ́jú kan kò ní kọjá kó má sọ̀rọ̀. Ajá kan tó ń bẹ̀rù ọ̀kadà ló ń bá ṣe. Kò lù ú, kò pariwo mọ́ ọn. Kò sì sóhun ìyanu kankan tó ṣe tí mo lè ròyìn fún yín. Ohun tí mo rí ni pé nígbà tó wọlé lọ bu omi, tó sì tún jáde, ajá náà sá pàdé rẹ̀, ìrù rẹ̀ ń jù fìrù fìrù. Mo ṣí fóònù mi níbẹ̀ yẹn, mo tún wo fídíò ọkùnrin Ìbàdàn. Ìrù nìkan ni mo wò lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo àwọn ajá ńlá ńlá yẹn, àárín itan ni ìrù wọn wà.

Ó wá sí Ìsẹ́yìn. Ibi géètì ló ti kúnlẹ̀ kí Baba, kò sún mọ́ ọn, ó sì wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì mi. Ó ń wo ajá, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń bi mí ní ìbéèrè. Mo ní, "Ṣé ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ ni?" Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kí Baba han òun.

"Bó ṣe ṣe é gan-an, ma. Kì í ṣe pẹ̀lú ẹnu."

Èmi obìnrin, kí n dọ̀bálẹ̀? Àwọn ahunṣọ dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìbínú mi ti kọjá ibi tí ojú ti ń tì mí. A de ajá mọ́lẹ̀ dáadáa, ó ń wò mí, ó ń jùrù. Mo rìn lọ síwájú Baba, mo dúró níbi tí okùn ajá ò lè dé, mo na ara mi sílẹ̀ gbì.

Ajá tí mo tọ́ láti kékeré, tó jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ti ń jẹun, ó fò sókè, ó ń gbó mi, itọ́ ń já lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà ní kí n dìde. Mo dìde. Ajá dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jùrù bí ẹni tójú ń tì. Ó ní kí n rọra lóṣòó. Mo lóṣòó. Ajá ò ṣe nǹkan kan. Ó ní kí n tún un ṣe bíi ti àkọ́kọ́. Mo tún balẹ̀ gbì, ajá tún fò sókè.

Ilẹ̀ yẹn ni mo wà, eruku wà nímú mi, nígbà tó yé mi. Kì í ṣe ọkùnrin ni kò fẹ́. Kò rí ọkàn ẹnikẹ́ni. Ìdọ̀bálẹ̀ ni! Gbogbo àwọn tó gé jẹ, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ jù ládùúgbò ni wọ́n: ọmọ ọ̀rẹ́ Baba tó gbé ọsàn wá, ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń na ara rẹ̀ sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Áfáà tó ń fi ara rẹ̀ ṣe olódodo, kò balẹ̀ rí ni. Mo bú sẹ́rìn-ín, n kò dìde, ẹ̀rín náà di ẹkún, Baba sì ń wúre fún mi láti orí àga: "Wàá dàgbà, wàá dògbó. Ọmọ ta ni ẹ́?"

Ọ̀kan nínú àwọn ahunṣọ ló rán wa létí ọlọ́kadà. Ní ọjọ́ kan, kí ajá tó gé ẹnikẹ́ni jẹ rárá, ọ̀kadà kan yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ iwájú ilé, ẹni tó ń gùn ún fi àyà fà wá títí dé ẹsẹ̀ Baba, ó gbá Baba ṣubú, ọwọ́ Baba sì kán. Ajá wà níbẹ̀. A dúpẹ́ pé Baba ò kú, a sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Obìnrin náà ní, "Ó lè jẹ́ òun. Ó lè máà jẹ́ òun, torí ajá ò lè sọ fún wa. Ẹni tó bá ṣáà ti balẹ̀ lójijì lẹ́bàá ẹsẹ̀ Baba, ajá gbà pé ó fẹ́ ṣe wọ́n léṣe ni. Kíkùn tó ń kùn yẹn, ẹ̀rù ló ń bà á, ó sì ń sọ fún yín. Ẹni tó kọ́kọ́ wá, ohùn ló gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò gba ẹ̀rù lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo ní ìyẹn ò le, kí gbogbo èèyàn máa kí Baba lóòró. A dán an wò lójú ẹsẹ̀. Ahunṣọ kan lọ síwájú Baba, ó dúró ṣánṣán, ó ní, "Ẹ káàsán, Baba." Baba pòṣé. "Ọmọ ta ni èyí? Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?" Ó gbàgbé orúkọ mi, ó gbàgbé pé ìyàwó òun ti kú, ṣùgbọ́n kò gbàgbé bó ṣe yẹ kí ọmọ Yorùbá kí àgbà. Inú rẹ̀ ò dùn mọ́ títí wọ́n fi pe ìrun.

Ajá ló wá kù tó máa kẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin náà fi ohun ìdínu tó ní ihò bò ó lẹ́nu, kó lè mí, kó sì lè jẹun, ṣùgbọ́n kó má lè gé èèyàn jẹ. Ó ní kí ẹnì kan lọ sí géètì lọ́ọ̀ọ́kán, kó rọra tẹ ara rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kó dìde. Bó bá ti ń tẹ ara wálẹ̀, kí n máa fún ajá ní ẹ̀dọ̀ wẹ́wẹ́. Kò gbọdọ̀ kùn kí a tó sún mọ́ iwájú. Bó bá kùn, kí a má fìyà jẹ ẹ́, ká padà sẹ́yìn. Ó ní èmi ni mo máa ṣe é, torí ọ̀dọ̀ mi lajá ń gbé, òun á máa wá wò wá. Mo tún bi í bóyá a máa parí kí Iléyá tó dé. Ó ní, "Mi ò tíì mọ̀, ma."

Bẹ́ẹ̀ ni agboolé wa ṣe di ibi tí wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án. Bí ọwọ́ àwọn ahunṣọ bá dilẹ̀, wọ́n á dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lọ sí géètì. Baba ò mọ̀ pé wọ́n ń kọ́ ajá. Ó rò pé àlejò ló ń wá. Ẹni kan náà á balẹ̀, á dìde, á tún balẹ̀, Baba á wúre fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní já ọ̀kan sílẹ̀. Ahunṣọ kan ní àdúrà tóun gbà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn á tó òun dé ọjọ́ alẹ́. Inú Baba dùn bí mi ò ṣe rí i rí látìgbà tí ìyá wa ti kú.

Inú tèmi ò balẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń da àgbò kọjá lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni mò ń rò pé a ti pẹ́ jù. Lọ́jọ́ kan mo ní kí wọ́n fi géètì sílẹ̀, kí ẹnì kan wá balẹ̀ nítòsí àga. Ajá fò, ó fi ohun ìdínu gbá onítọ̀hún lórí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni pé a ò kọ́ ọ ní nǹkan kan rí. Mo pe obìnrin náà, mo ń pariwo lórí fóònù pé mo ti bà á jẹ́. Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ padà sí géètì, ma." A padà sí géètì.

Nígbà tí mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ajá ló wá fẹ́ máa kọ́ mi bí mo ṣe máa kí bàbá mi?" Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á wá, ṣùgbọ́n bí ajá bá fi lè mira, inú búùtù mọ́tò òun ló máa bá òun lọ.

Lọ́jọ́ Iléyá, ilé kún. Òórùn ẹran gba gbogbo afẹ́fẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Baba, mo wé okùn ajá mọ́ ọwọ́ kan, ẹ̀dọ̀ àgbò wà lọ́wọ́ kejì. Àwọn àbúrò wá, wọ́n rọra balẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán bá a ṣe ní kí wọ́n ṣe, ajá ń wò wọ́n, ó ń wo ọwọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló wá gbẹ̀yìn. Ó dúró nínú agbádá rẹ̀, ó wo ajá, ó fi ọwọ́ pa àpá tó wà lápá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi orúnkún kan lélẹ̀, ó fi èkejì, ó rọra na ara rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ikùn yẹn, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

Ara ajá gbọ̀n. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó yíjú sí mi, ó dùbúlẹ̀, mo fi ẹ̀dọ̀ sí i lẹ́nu.

Baba wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀. Ó pẹ́ tó fi ń wò ó. Ó tẹ orí wo abẹ́ àga, ó rí ajá tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Ajá ò sọ nǹkan kan," ni Baba wí. "Á jẹ́ pé ọmọ mi ni. Dìde, ọmọ mi."

Ẹ̀gbọ́n mi ò dìde. Ilẹ̀ ló wà, ó ń sunkún bí ọmọdé, kò fi fìlà bojú lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo ilé ń ṣe Alhamdulillahi. Inú èmi náà dùn dé ọ̀run. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ Baba ni mo wà, mo rí ojú rẹ̀ ketekete. Kò dá a mọ̀. Ajá ló gbà gbọ́, èmi sì mọ ohun tó wà lẹ́nu ajá. Ó dùn mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè.

Awakọ̀ tó wa ẹ̀gbọ́n mi wá láti Àbújá ló tẹ̀ lé e. Òun náà rọra dọ̀bálẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ajá wo ọwọ́ mi, ó dùbúlẹ̀. Baba wo ajá.

"Dìde, ọmọ mi," ni Baba sọ fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ. Ó nu ojú rẹ̀, ó wò mí, mo wolẹ̀. Ó fa àga kan sún mọ́ ti Baba, ó jókòó, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n fún òun ní ẹ̀dọ̀ díẹ̀, kóun náà fún ajá.